Ẹ̀rí Tí Mo Yára Jẹ́

Ìwọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ikọ́ ife ló ń bá ọ fínra, kọ́kọ́ jókòó ná. Mo mọ ohun àkọ́kọ́ tó sọ sí ọ lọ́kàn: ta ló ti gbọ́? Ohun tó sọ sí èmi náà lọ́kàn nìyẹn. Mi ò tilẹ̀ rántí bi ara mi pé ṣé n óò yè é. Ìtìjú yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí ju ikọ́ lọ, ó sì na ọwọ́ sí ọmọ mi. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé sí ọ nìyí. Onígbàgbọ́ ni mí, ọ̀rọ̀ àdúrà ló sì máa pọ̀ jù nínú ohun tí mo fẹ́ sọ. Ṣùgbọ́n bí o bá ń retí kí n sọ pé mo gbàdúrà lónìí, ara mi dá lọ́la, o lè pa ìwé yìí dé. Mo ti jẹ́ irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan rí, òun ló kó bá mi.

Ajégúnlẹ̀ ni mò ń gbé, nítòsí Bọ́ńdárì. Yàrá méjì la ní nínú ilé oníyàrá mẹ́rìndínlógún. Ọkọ mi, Bàbá Ṣadé, ń wa tírélà. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, Mùsùlùmí sì ni, èmi Kristẹni. A ti fẹ́ra wa láti ọdún mẹ́tàlá, a kì í sì í jà nítorí Ọlọ́run. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ la fi ń jà. Ìyá rẹ̀ ń gbé lọ́dọ̀ wa, Ìyá Ìsẹ́yìn ni gbogbo ilé ń pè é. Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún wa, Ṣadé, ó sì tó ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìgbéyàwó kí n tó lóyún rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ mi wà ní yáàdì kan ní Creek Road, ní Àpápá. Ẹnu géètì ni mo máa ń dúró sí, màá kọ nọ́ńbà tírélà tó bá wọlé sínú ìwé, màá sì kọ ti kọ̀ǹténà tó bá gbé jáde.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, èmi ni olórí ẹgbẹ́ aládùúrà. Ìyá Àdúrà ni wọ́n ń pè mí, àti àwọn tó dàgbà jù mí lọ pàápàá. Bí mo bá ké "Ní orúkọ Jésù" lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ajá àdúgbò á dáhùn. Mo mọ bí a ṣe ń gbé ohùn sókè àti ibi tó yẹ kí n ti fi ẹsẹ̀ janlẹ̀. Kí n má parọ́ fún ọ, nígbà mìíràn tí mo bá di ojú, mo máa ń la ọ̀kan díẹ̀ láti wo ẹni tí kò ṣe àmín dáadáa.

Inú ọyẹ́ ni ikọ́ náà bẹ̀rẹ̀. Eruku tírélà ni mo pè é. Ta ni yóò dúró sí Creek Road láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ tí kò ní wúkọ́? Mo ra oògùn ikọ́ lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì, mo mu ún tán, mo tún ra òmíràn. Ọyẹ́ lọ, ikọ́ kò lọ. Lẹ́yìn náà ni òógùn dé. Bí ilẹ̀ bá máa fi mọ́, aṣọ ìbora mi á ti rin gbindin. Oúnjẹ kò wọlé mọ́. Síkẹ́ẹ̀tì tí mo ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ń yọ̀ ní ìbàdí mi, mo fi píìnì há a. Mama Blessing, ará ilé wa tó ń gbé yàrá kejì, dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ kan.

"Mama Ṣadé, dis cough don tey o. Abeg, go do test."

"E don go, in Jesus' name," ni mo dá a lóhùn. Kí n tó sọ ọ́ tán ni ikọ́ ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi.

Ẹnu géètì ni mo ti kọ́kọ́ rí ẹ̀jẹ̀. Mo wúkọ́ bí mo ti ń kọ nọ́ńbà tírélà kan lọ́wọ́, mo sì rí nǹkan pupa tó ta sí ojú ìwé, ó kéré, kò ju orí ìṣó lọ. Mo wo awakọ̀ náà, fóònù rẹ̀ ló ń tẹ̀. Mo fa ojú ìwé yẹn ya, mo kó o sápò, mo sì tún gbogbo nọ́ńbà àárọ̀ ọjọ́ yẹn dà kọ sí ojú ìwé mìíràn. Mo kọ nọ́ńbà kan lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí ara mi kò gba ìpamọ́ mọ́, olúkúlùkù gbé ìmọ̀ràn tirẹ̀ dé. Ìyá Ìsẹ́yìn gún orógbó mọ́ oyin, ó ní kí n máa lá a láràárọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí láti Abẹ́òkúta, ó ní ẹnìkan níbi iṣẹ́ ló fún mi ní nǹkan jẹ, pé ikọ́ ẹlẹ́jẹ̀ kì í ṣojú lásán, kí n mu òróró tí wọ́n gbàdúrà sí títí n óò fi bì í jáde. Mo mu ìgò kan. Mo bì títí tí mo fi rò pé ìfun mi ni yóò kàn. Ikọ́ náà kò kúrò níbi tó wà. Nínú ẹbí, Bàbá Ṣadé nìkan ló sọ ọ̀rọ̀ ọsibítù. Ó ní, "Mojí, bí ọkọ̀ bá ń tú èéfín dúdú, a kì í bú àwọn ará ilé wa. Mẹkáníìkì là ń gbé e lọ bá." Mo bínú sí i fún ọjọ́ méjì, lẹ́yìn náà ni mo lọ.

Ọsibítù ìjọba ni mo lọ, èyí tó jìnnà sí Ajégúnlẹ̀ díẹ̀, kí ojú tó mọ̀ mí má baà pọ̀. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán nígbà tí mo débẹ̀, síbẹ̀ mo bá èèyàn tó ju ogójì lọ lórí bẹ́ǹṣì. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ káàdì, wọ́n bi mí léèrè orúkọ. Mo wo ẹ̀yìn, mo wo ẹ̀gbẹ́, mo ní Rísíkátù Àlàbí. Orúkọ àbúrò ọkọ mi ni. Mo rò ó pé bí ará ṣọ́ọ̀ṣì wa kan bá wà níbẹ̀, kò ní fura pé Ìyá Àdúrà ń jẹ́ Rísíkátù. Mo sọ àdírẹ́sì tí kì í ṣe tèmi, mo sì yí nọ́ńbà fóònù mi padà níparí.

Mo jókòó títí oòrùn fi gorí. Nọ́ọ̀sì jáde, ó ń pè, "Rísíkátù Àlàbí! Rísíkátù Àlàbí o! Àbí Rísíkátù ti lọ sílé ni?" Èmi náà bá wọn wojú yíká láti mọ obìnrin tó ń fi àkókò wa ṣòfò. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo tó rántí pé èmi ni.

Nọ́ọ̀sì Fúnmi ni obìnrin yẹn ń jẹ́. Ó ti tó ẹni àádọ́ta ọdún, ó ń lo gíláàsì, kì í sì í rẹ́rìn-ín lásán. Ọjọ́ tí èsì kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi jáde, ó ní ikọ́ ife ni, pé oògùn rẹ̀ wà, ọ̀fẹ́ sì ni. Ó ní oṣù mẹ́fà ni n óò fi lò ó, n kò sì gbọdọ̀ fo ọjọ́ kan. Ó ní ìtọ̀ mi á pọ́n, kí n má jẹ́ kí ìyẹn já mi láyà. Gbogbo rẹ̀ ni mo ń gbọ́ bí ẹni tó wà lábẹ́ omi. Ó wá bi mí pé, "Ṣé ẹ ní ọmọ nílé? A máa yẹ ọmọ wò, tètè ló máa ń ràn wọ́n."

Mo rò ó wò. Bí mo bá mú Ṣadé wá, Ṣadé á sọ ọ́ nílé ìwé, á sọ ọ́ nílé ẹ̀kọ́ ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, á pe orúkọ mi gan-an níwájú àwọn nọ́ọ̀sì.

"Rárá, mà," ni mo wí. "Mi ò ní ọmọ."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Mo rí bí bírò rẹ̀ ṣe ń lọ lórí káàdì náà.

Mo lo oògùn náà fún oṣù méjì, mo ń fi í pamọ́ sínú agolo òfìfo tó wà lẹ́yìn àpótí aṣọ. Ó ṣiṣẹ́. Jẹ́ kí n tún un sọ kó wọ̀ ọ́ létí: ó ṣiṣẹ́. Òógùn dá. Ẹ̀jẹ̀ dá. Oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn, mo yọ píìnì kúrò ní síkẹ́ẹ̀tì mi. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní, "Ìyá Àdúrà, ara yín ti padà o!" Ní Ọjọ́ Ìsinmi ìdúpẹ́, wọ́n ní kí ẹni tó bá ní ẹ̀rí jáde. Mi ò pète rẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ló gbé mi débẹ̀, wọ́n sì gbé máìkì lé mi lọ́wọ́.

O mọ̀ pé ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹ̀rí kékeré kì í dùn létí. Bí èèyàn bá ní orí fọ́ òun, oògùn sì wò ó, wọ́n á ṣe àmín wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ fún un. Èmi kì í ṣe ẹlẹ́rìí kékeré. Mo ní wọ́n ti fẹ́ máa sọ̀rọ̀ ibi tí wọ́n máa sin mí sí. Mo ní àwọn dókítà ká ọwọ́ lérí. Mo wá ní, "Ẹ̀yin ará, hóró oògùn kan kò kan ahọ́n mi! Àdúrà ni mo jẹ, àdúrà ni mo mu!" Ṣọ́ọ̀ṣì gbiná. Wọ́n jó, wọ́n gbé mi sókè. Hóró oògùn ọjọ́ yẹn wà nínú mi bí wọ́n ti ń gbé mi.

Ìgbà tí mo délé ni mo rí i pé mo ti ti ara mi mọ́ ilé. Ẹni tó ti sọ pé oògùn kan kò kan ahọ́n òun, báwo ni yóò ṣe máa lọ gba oògùn ní ọsibítù? Bí ẹnìkan bá rí mi lórí bẹ́ǹṣì yẹn ńkọ́? Bí Ṣadé bá ṣí agolo ńkọ́? Mo gbé e rò fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin, mo da gbogbo oògùn tó kù sínú ṣáláńgá. Mo sọ fún ara mi pé ìgbàgbọ́ ni. Ojú ló ń tì mí, ìgbàgbọ́ ni mo pè é.

Oṣù mẹ́rin ni mo fi jẹ ayé orí ẹ̀rí yẹn. Lẹ́yìn náà ni ikọ́ padà, kò sì padà bó ṣe lọ. Ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì kì í ṣe orí ìṣó mọ́, àtẹ́lẹwọ́ ni mo fi gbà á. Èémí mi kúrú, n kò lè rìn láti yàrá dé ilé ìwẹ̀ láìdúró. Yáàdì fi ẹlòmíràn sẹ́nu géètì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà bí mo ṣe mọ̀ ọ́n gbà, mo ń pàṣẹ, mo ń dè, mo ń tú, ṣùgbọ́n kò sí ohùn. Bí mo bá ti gbé e sókè báyìí, ikọ́ á gé e. Àdúrà tí mo mọ̀, ẹ̀dọ̀fóró tó le ni wọ́n fi ń gbà á, tèmi sì ti bàjẹ́.

Àárọ̀ ọjọ́ kan, mò ń de bọ́tìnnì aṣọ ilé ìwé fún Ṣadé. Ó yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó wúkọ́.

Ikọ́ gbígbẹ ni, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu, ó ní, "Màámi, ẹ jẹ́ kí n máa lọ, mo ti pẹ́." Mo fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀. Ó gbóná. Mo wo èjìká rẹ̀ nínú aṣọ náà, mo sì rí i pé aṣọ náà ti tóbi jù. Ó ti ń rù níṣojú mi, mi ò rí i. Ìyá tó ń wo àwọn tí kò ṣe àmín, kò rí ọmọ rẹ̀.

Mo ní kó padà lọ dùbúlẹ̀. Mo jáde sí ẹ̀yìn ilé, níbi tí a to àwọn dúrọ́ọ̀mù omi sí. Mo kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì tútù. Mama Blessing ń fọ aṣọ nítòsí, ó ń wò mí, mi ò bìkítà. Mo ní:

"Olúwa, èmi ni. Mojísọ́lá ni orúkọ mi. Mo parọ́ nílé Rẹ. Mo dá oògùn dúró nítorí ojú ń tì mí. Wọ́n bi mí, mo ní mi ò bímọ. Ọmọ tí mo bẹ̀ Ọ́ fún ọdún mẹ́ta, mo ní mi ò ní in. Ó ti ń wúkọ́ báyìí. Mi ò mọ ohun tí mo máa ṣe. Ẹ̀rù ń bà mí. Má jẹ́ kó kú."

Gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Mi ò gbọ́ ohùn kankan. Ara mi kò fúyẹ́, ọkàn mi kò balẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé àlàáfíà máa ń wọlé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ bí èèyàn bá ti jẹ́wọ́, bóyá tirẹ̀ wọlé, tèmi ò wọlé. Ohun kan péré ló ṣẹlẹ̀: mo ti sọ òtítọ́ fún ẹnìkan, kò sì ṣòro mọ́ láti sọ ọ́ fún ẹni kejì. Mo dìde, mo pe Bàbá Ṣadé lórí fóònù. Ó wà lórí ìlà àwọn tírélà tó fẹ́ wọ wọ́ọ̀fù, ó ti di ọjọ́ kẹta tó wà níbẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"O ní a ò bímọ," ló wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Mò ń bọ̀."

Mo sọ ọ́ fún Ìyá Ìsẹ́yìn náà. Orí ẹní ìkírun rẹ̀ ló wà. Mo retí èébú, mo sì ti múra sílẹ̀ fún un. Ó wò mí, omi gba ojú rẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó mi, lójoojúmọ́ ni mo ń dárúkọ rẹ fún Ọlọ́run. Oúnjẹ ni mo ń bá ọ tọrọ. Mo rò pé oúnjẹ ni kò wọlé. Ṣé bí mo ṣe ń pa làpálàpá nìyí, tí ẹ̀tẹ̀ wà ńlẹ̀?"

A gbé Ṣadé lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ kejì, èmi àti bàbá rẹ̀. Ìlà náà gùn bí ti tẹ́lẹ̀. Nọ́ọ̀sì Fúnmi rí mi láti ọ̀ọ́kán, ó wá síbi tí mo jókòó.

"Rísíkátù. A wá yín títí. A pe nọ́ńbà tí ẹ fún wa, ọkùnrin kan ní Bàdágírì ló gbé e. A rán èèyàn lọ sí àdírẹ́sì yín, wọ́n ní ibẹ̀ kì í ṣe ilé, wọ́n ń ta táyà níbẹ̀."

"Orúkọ mi kọ́, mà. Mojísọ́lá ni mò ń jẹ́."

Ó wo Ṣadé, tó fi orí lé bàbá rẹ̀ lẹ́sẹ̀. "Ta ni eléyìí?"

"Ọmọ mi ni, mà."

Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́. Mo ń retí kó pariwo lé mi lórí níwájú gbogbo èrò, ì bá tọ́ sí mi. Ó kàn ní, "Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká kọ káàdì tuntun."

Èsì pẹ́ kó tó dé. Tèmi burú: oògùn àkọ́kọ́ kò ràn án mọ́, nítorí mo ti fi ẹnu kàn án, mo sì fi í sílẹ̀, kòkòrò náà sì ti kọ́gbọ́n. Oògùn tó le jù ú lọ ni wọ́n máa fún mi, á sì pẹ́ púpọ̀. Ti Ṣadé náà jáde. Ó ti mú un. Nọ́ọ̀sì ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ irú tèmi tó gbọ́n yẹn gan-an ló ràn án. Mi ò lè sọ fún ọ bí mo ṣe délé lọ́jọ́ yẹn. Mo rántí pé Bàbá Ṣadé gbé e kọ́rùn, ọmọ náà sì ń ka nọ́ńbà àwọn tírélà tó ń kọjá, bí mo ṣe kọ́ ọ.

Àdúrà tí mo gbà láti ọjọ́ yẹn kò dùn ún gbọ́. Ẹ̀yìn dúrọ́ọ̀mù ni mo ti ń gbà á, láràárọ̀ àti nígbà tí oògùn bá ń yí mi nínú lọ́sàn-án. Oògùn náà le. Ó ń rú mi nínú, ó ń ro mí ní oríkèé, etí mi ń hó. Àwọn ọjọ́ kan wà tí gbogbo àdúrà mi jẹ́, "Olúwa, òní náà nìyí." Àwọn ọjọ́ kan, ìbínú ni: "Ìwọ náà mọ̀ pé ọmọdé ni. Èmi ni mo parọ́. Kí ló dé tí O ò fi mú èmi nìkan?" Ọjọ́ mẹ́ta wà tí mo kọ̀ tí mi ò bá A sọ̀rọ̀ rárá, nítorí Ṣadé bì gbogbo oògùn rẹ̀ jáde léraléra, ó ń sunkún pé òun ò lò ó mọ́. Ní ọjọ́ kẹrin mo padà. Mi ò ní ibòmíràn tí mo lè lọ. Mo bá Ìyá Ìsẹ́yìn pàdé lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbé kẹ́tùlù àlùwàlá rẹ̀ bọ̀. Ó ní, "O ti ń lọ?" Mo ní, "Mò ń lọ, mà." Ó yà fún mi.

Bàbá Olùṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa wá kí mi. Mo ní kí wọ́n jókòó síta, níbi tí afẹ́fẹ́ wà, mo sì fi aṣọ bo imú. Mo sọ bí ẹ̀rí mi ṣe rí gan-an. Wọ́n gbọ́ ọ tán.

"Ta ló ní kí ẹ da oògùn nù?"

"Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀, sà. Ṣùgbọ́n mo rò pé bí mo bá ń lò ó, wọ́n á ní mi ò nígbàgbọ́."

Wọ́n ti ọwọ́ bọ àpò agbádá, wọ́n yọ ọ̀rá kékeré kan jáde. Hóró oògùn ló wà nínú rẹ̀, funfun àti pupa. "Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi rèé. Ọdún kẹfà nìyí."

"Ẹ ò sọ fún wa rí, sà."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni wọ́n wí. "Mi ò sọ."

Nígbà tí Nọ́ọ̀sì Fúnmi ní ikọ́ mi kò lè ran ẹnikẹ́ni mọ́, mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo tọrọ máìkì, mo sì kó ẹ̀rí àkọ́kọ́ jẹ. Mo sọ ti oògùn, mo sọ ti orúkọ, mo sọ ti ọmọ. Ẹnikẹ́ni kò jó. Obìnrin méjì tó wà ní àga iwájú dìde, wọ́n lọ jókòó sẹ́yìn. Bàbá Olùṣọ́ gba máìkì lọ́wọ́ mi, wọ́n fi ọ̀rá wọn han ìjọ. Ẹgbẹ́ aládùúrà ti yan olórí mìíràn báyìí. Kí n sọ pé kò dùn mí, irọ́ ni. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé mi ò mọ iye ẹni tó gbọ́ mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, tó lọ da oògùn tirẹ̀ sínú ṣáláńgá. Bí ìwọ bá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, dákun, dìde báyìí kí o padà síbi tí wọ́n ti fún ọ. Má wọ aṣọ ìtìjú lọ. Sọ orúkọ rẹ. Bí o bá lọ́mọ, mú un dání. Àdúrà tí o máa gbà lójú ọ̀nà kò ní láti gùn.

Bí mo ti ń kọ èyí, ó ti pé oṣù kẹjọ tí mo ti wà lórí oògùn yìí. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi ti mọ́ nígbà mẹ́ta léraléra. Etí mi òsì kò gbọ́ràn dáadáa mọ́, wọ́n sì ní ó lè má padà. Mi ò tíì rí iṣẹ́. A ti ta fíríìjì àti tẹlifíṣọ̀n, oògùn jẹ́ ọ̀fẹ́ ṣùgbọ́n ẹyin àti ẹja kì í ṣe ọ̀fẹ́, owó ọkọ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ṣadé ti padà sí ilé ìwé. Ó ti ń sanra díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì bọ́ lọ́wọ́ àìsàn: fọ́tò àyà rẹ̀ tí wọ́n yà kẹ́yìn ṣì ní àbàwọ́n, wọ́n ní ká máa lo oògùn nìṣó, wọ́n á tún yà á. Mi ò mọ bó ṣe máa rí. Mò ń sọ fún Ọlọ́run lójoojúmọ́ pé mi ò mọ̀ ọ́n.

Àárọ̀ ni àwa méjèèjì máa ń lo tiwa, lórí àga kan náà. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ti ní òun ló máa gbàdúrà kí a tó gbé e mì. Mo jẹ́ kó gbà á. Kò di ojú. Ó wo hóró oògùn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "Jésù, ẹ káàárọ̀ o, sà. Oògùn yìí korò, mi ò fẹ́ lò ó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Ẹ má jẹ́ kí màámi kú. Ẹ má jẹ́ kí èmi náà kú."

Ọ̀rọ̀ ikú yẹn gún mi. Mo ti la ẹnu tán láti ké pé "Ọlọ́run má jẹ́," láti sọ fún un pé a kì í sọ bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ kùtùkùtù, láti kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń gbàdúrà. Ó ń wò mí, ó ń dúró de àmín.

Mo ṣe é fún un, a sì gbé e mì.